Ìjàpá àti Òkìtì Wúrà Òkété

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi gbéra, ó di etídò. Ó yọ̀ nínú amọ̀ pupa, ó yí gbirigbiri, ó ní òun kò ní dúró lórí igi, òun kò ní dúró lórí àpáta, àfi lórí ẹ̀yìn Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ẹni tó bá ti rí ahun rí, tó rí bó ṣe ń fa orí wọlé nígbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kó tẹ́tí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn án. Iyìọlá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára àbúrò rẹ. Mo ti rí ọ.

Nígbà kan, àwọn ẹranko rí wúrà ní odò kan tí wọ́n ń pè ní Odò Pupa. Ibẹ̀ jìnnà. Ọ̀nà a máa tán kí èèyàn tó débẹ̀. Ẹni tó ń lọ á fi ọwọ́ ya igbó, á fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ta iyọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀fọn, amọ̀ àti ìrètí lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe rèé: wọ́n á gbẹ́ amọ̀ létí odò, wọ́n á kó o sínú igbá, wọ́n á tẹ igbá bọ omi, wọ́n á máa rọra yí i po. Amọ̀ á bá omi lọ. Wúrà tó wúwo á jókòó sí ìsàlẹ̀ igbá. Lọ́jọ́ tí orí bá ṣe é, èèyàn á rí èyí tó tó ojú èèrà. Lọ́jọ́ tó kù, á rí ìsàlẹ̀ igbá.

Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ òfo padà sílé. Ẹni tó ti sọ fún ará ilé pé wúrà lòun ń lọ kó, ojú wo ni yóò fi wọlé pẹ̀lú igbá tó ti ya létí? Torí náà ni ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí gbogbo wọn ń wí pé, “Òjò tó ń bọ̀ yìí, bó bá ti rọ̀ tán, mo ń lọ sílé.”

Ìjàpá wà lára wọn. Lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé, Yánníbo aya rẹ̀ bi í pé, “Baálé mi, ìgbà wo lẹ máa dé?” Ẹ̀yin náà kúkú mọ èsì tí ahun máa ń fún ẹni tó bá bi í bẹ́ẹ̀: ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, fáàrí gùn ún. Ó ní, “Yánníbo, bí mo bá dé láìmú wúrà bọ̀, máa lọ sílé bàbá rẹ.”

Yánníbo ní, “Mo ti gbọ́. Màá ti di ẹrù mi sílẹ̀.”

Ó dé Odò Pupa, ó rí i pé omi ibẹ̀ tutù, amọ̀ ibẹ̀ sì wúwo. Bó bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tó le bí àpáta! Á wá lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi. Ní gbogbo àkókò tó fi wà níbẹ̀, ẹyọ wúrà kan ṣoṣo ló rí, kò sì tó irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá ń jẹun, á gbé e sí òsì, á fi ọ̀tún jẹ.

Òkété ló ń gbé nítòsí ahéré rẹ̀. Opó ni, eyín rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílé. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì ń mu ọmú nígbà tó ń bọ̀. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí i pé àbúrò yìí lọmọ náà ń pè ní ìyá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Òkété lára púpọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò fà, omi kò tó fọ wúrà mọ́. Àwọn yòókù ń sùn, wọ́n ń ta ayò. Òkété ní tirẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀. Ó ń fi èékánná gbẹ́ ẹ, ó ń fi eyín já gbòǹgbò, ó ń kó erùpẹ̀ jọ síwájú ahéré rẹ̀. Ó ní bí òjò bá dé, òun á fọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun á sì gba ilé lọ. Òkìtì náà ga, ó ga títí a kò fi rí ahéré lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ìjàpá wo òkìtì yìí. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé ẹyọ wúrà rẹ̀ mì.

Ó wá kù bí yóò ṣe gbà á. Erin ni Baálẹ̀ Odò Pupa, òfin méjì ló sì fi ń ṣe àkóso. Èkíní: ẹni tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ rí wúrà létí odò, kó so màrìwò mọ́ igi, kó gún un síbẹ̀, ibẹ̀ di tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fà á tu. Èkejì: ẹni tó bá fọ wúrà tán, kó gbé igbá wá fún Erin, kí Erin fi imú bu ìṣákọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì mọ bí imú Erin ti tó! Ẹni tó bá fi ìṣákọ́lẹ̀ pamọ́, Erin á jókòó lé e lórí. Akàn ló dán an wò rí. Ẹ wo bí Akàn ṣe rí pẹlẹbẹ lónìí.

Ìjàpá gbọ̀nà ilé Erin lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ṣòro fún un, ó ti sún mọ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Kí Baálẹ̀ ó pẹ́! Ọ̀rọ̀ yín ni kò jẹ́ kí n sùn.”

“Ọ̀rọ̀ mi? Kí ni mo ṣe?”

“Wọ́n ń rẹ́ yín jẹ ni, Baálẹ̀. Òfin yín ní létí odò. Bí wúrà bá wá yọjú láàrò ńkọ́? Bó bá yọjú lójú ọ̀nà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè fi màrìwò síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́, ìṣákọ́lẹ̀ yín á sì rà sínú erùpẹ̀. Ó dùn mí.”

Erin gbé imú sókè, ó ronú sí ìṣákọ́lẹ̀ tó ti rà. Ó dun òun náà. “Báwo la ṣe máa ṣe é?”

“Ẹ jẹ́ kí òfin wí pé ibikíbi ni. Ìbáà ṣe ààrò, ìbáà ṣe ojú ọ̀nà, ìbáà ṣe orí òkìtì. Ibikíbi tí ojú bá ti kọ́kọ́ rí wúrà.”

“Ọlọ́gbọ́n ni ọ́, Ìjàpá.”

“Baálẹ̀ ló kọ́ mi.”

Wọ́n kéde òfin tuntun náà. Kò sí ẹni tó bìkítà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọjọ́ kejì, Ìjàpá yà kí Òkété láàárọ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Eruku yìí mà pọ̀!” Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ húhù, ó kọjú sí òkìtì, ó tún wúkọ́ hòhò, ẹyọ wúrà inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì fò jáde, ó bà sórí òkìtì. Ọ̀bọ ń kọjá lọ. Ìjàpá pè é.

“Ọ̀bọ, ìwọ tójú rẹ mú, kí ló ń dán lókè yẹn?”

Ọ̀bọ na ọrùn. “Wúrà ni!”

“Ta ló kọ́kọ́ rí i?”

“Ìwọ lo kọ́kọ́ fi hàn mí.”

“Ó tán,” ni Ìjàpá wí. Àṣé ó ti so màrìwò mọ́ igi wá láti ilé. Ó gun òkìtì, ó gún un síbẹ̀ gbàgà.

Òkété kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó fi igbe ta. “Òkìtì tí mo fi èékánná kó jọ! Kì í ṣe ilẹ̀, erùpẹ̀ mi ni!” Ó sáré lọ bá Erin. Erin fa etí, ojú tì í, àmọ́ ó ní òfin ti wí pé ibikíbi, òun ò sì lè gbé e mì. Òkété padà sílé, ó jókòó síbi tí òjìji òkìtì rẹ̀ ti bo ilẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìjàpá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ mọ́kàn le. Ilẹ̀ ò tán láyé.” Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá jà mí lólè tó tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe é.

Òjò rọ̀. Odò kún. Ìjàpá, tí kì í ṣiṣẹ́, wá ń ṣiṣẹ́. Kò sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun mọ́. Ó fọ òkìtì náà títí ó fi tán, wúrà sì kún igbá rẹ̀ dé ìdajì. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó rí Yánníbo lọ́kàn rẹ̀ tó ń tú ẹrù tó dì. Ó wá rántí imú Erin.

“Imú yẹn!” ló wí. “Bó bá bù ú lẹ́ẹ̀kan, kí ló kù fún mi? Igbá ni.”

Ó jókòó, ó rò ó. Bí èèyàn bá mú igbá lọ síwájú Erin, Erin á ní kó la ẹnu, kó na ọwọ́, kó gbé apá, kó fi abẹ́ èékánná han òun. Ẹ̀yìn nìkan ni kì í wò. Ta ni yóò tọ́jú wúrà síbi tí ojú ara rẹ̀ kò tó?

Ìjàpá lọ wá àtè, oje igi tí àwọn apẹyẹ máa ń sè, tí ẹyẹ bá bà lé tí kò ní lè fò mọ́. Ó da wúrà sórí òkúta pẹlẹbẹ, ó tẹ́ ẹ. Ó fi ẹ̀yìn gbo àtè títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń fà yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀. Ó wá dojú ara rẹ̀ délẹ̀, ó fi ẹ̀yìn sùn lé wúrà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn gidi. Àmọ́ kò rò ó bí yóò ṣe dìde. Ó ń ta ẹsẹ̀ sókè, ó ń ta apá, ó ń yí bí ìkòkò tí kò níbùjókòó. Oòrùn ti wọ orí ọ̀pẹ kí ó tó ta gìrì padà. Ó lọ yí nínú ẹrẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè bo wúrà mọ́lẹ̀, ó gbé igbá òfìfo, ó fajú ro, ó di ilé Erin.

“Baálẹ̀, òkìtì tàn mí. Ẹyọ kan tó wà lókè yẹn náà ni gbogbo wúrà ibẹ̀.”

Erin wo ẹnu rẹ̀, ó wo ọwọ́, ó wo abẹ́ èékánná. Kò rí nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. “Pẹ̀lẹ́, ọkọ Yánníbo. Máa lọ sílé.”

Bó bá ti gbọ̀nà ilé lọ láti ibẹ̀, àlọ́ mi ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dùn. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó wò ó pé, bí àánú òun bá ṣe Erin tó báyìí, àánú òun á ṣe àwọn yòókù náà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére láti ahéré dé ahéré. “Mò ń lọ o, ọwọ́ òfo ni mo fi ń lọ.” Ẹni tó gbọ́ á mí kanlẹ̀, á rántí tara rẹ̀, á wá fún un ní nǹkan. Ìgalà fún un níṣu. Ọ̀bọ fún un lágbàdo. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú igbá, ó ń fà á lọ.

Ahéré Òkété ló kù. Ẹlòmíì ì bá yà fún un. Ìjàpá ní rárá, ìyá yẹn a máa gbẹ́ ẹ̀pà nígbó, kò yẹ kí òun fi ẹ̀pà sílẹ̀. Bó ṣe ń lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán wínníwínní. Ó já ewé bo iṣu kí omi má bàa bà á jẹ́. Kò bo ara rẹ̀. Ó ṣe tán, omi kì í wọ ahun. Òjò ń kán, ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọ, ó ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ̀. Ta ló ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀?

“Ìyá Òkété, ẹ kúulé o. Mò ń lọ, mo ní kí n wá kí yín.”

Òkété yọrí. Òjò dá, oòrùn yọ díẹ̀, ẹ̀yìn Ìjàpá sì ń kọ mọ̀nà. Òkété ya ẹnu. Ó pa á dé.

“Ẹ dúró, ọkọ Yánníbo,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan wá fún yín.”

“Bó bá pọ̀, kò burú,” ni Ìjàpá dáhùn.

Òkété gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó já màrìwò, ó so ó mọ́ igi. Ó padà wá, ó gbé e lé Ìjàpá lẹ́yìn gbàgà. Àtè gbá igi náà mú, màrìwò dúró ṣánṣán, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Òkété, tí kì í gbóhùn sókè, wá kígbe tí gbogbo odò gbọ́. “Ojú mi ló kọ́kọ́ rí wúrà níbí o!”

Gbogbo wọ́n tú jáde. Erin náà dé, ilẹ̀ ń mì.

“Ìjàpá, níbo ni wúrà yìí ti wá?”

“Wúrà wo?”

“Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ.”

Ara Ìjàpá tutù. Bó bá ní inú òkìtì ló ti wá, Erin á jókòó. Ó wo ìdí Erin, ìdí náà fẹ̀. Akàn sì dúró láàárín èrò, ó ń wò ó.

“Baálẹ̀, èmi náà ò mọ̀ o. Ó jọ pé ó hù ni.”

“Ó hù?”

“Bí olú ṣe ń hù. Àmọ́ ẹ̀yìn mi ló hù sí, èmi ni mo ni ín.”

Òkété kúnlẹ̀. “Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin wí?”

“Ibikíbi tí ojú bá ti kọ́kọ́ rí wúrà,” ni Erin wí. “Ìbáà ṣe ààrò, ìbáà ṣe ojú ọ̀nà, ìbáà ṣe orí òkìtì.” Ó rò ó wò. “Ẹ̀yìn Ìjàpá náà wà níbì kan.”

“Èèyàn ni mí!” ni Ìjàpá ké. “Èmi kì í ṣe ilẹ̀!”

“Òkìtì mi náà kì í ṣe ilẹ̀,” ni Òkété fèsì.

Erin dájọ́ pé ẹ̀yìn Ìjàpá ti di ti Òkété títí wúrà ibẹ̀ yóò fi tán. Ìjàpá ní ó dáa, kí òun máa lọ sílé, bí òun bá débẹ̀ òun á bù ú ránṣẹ́. Ọ̀bọ fi ẹ̀rín ya ẹnu. “Ta ló rí ibi ìwakùsà tó dìde tó ń lọ sílé?”

Bí Òkété ṣe jókòó ti kùsà rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́, àtè ní òun kò gbọ́. Wọ́n fi iyanrìn bó o, kò gbọ́. Ó wá mú ìkarawun ìgbín tó mú létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ lójoojúmọ́, ó ń fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é. Tèmi ni lílé, tiyín ni “Họ ọ́, họ ọ́!” Ẹ má jẹ́ kó fà.

Mo rí wúrà, mo fi màrìwò sí i,
Họ ọ́, họ ọ́!
Kò sí létí odò, kò sí nínú kòtò,
Họ ọ́, họ ọ́!
Kùsà mi lójú, kùsà mi nímú,
Họ ọ́, họ ọ́!
Bó bá fẹ́ẹ́ sá, ẹ bá mi dì í mú,
Họ ọ́, họ ọ́!
Ọmọ mi ń sunkún, ilé ni mò ń lọ,
Họ ọ́, họ ọ́!

Bí Òkété bá họ ọ́ síhìn-ín, ojú ìlà á yọ. Bó bá họ ọ́ sọ́hùn-ún, ìlà á tún yọ. Ìjàpá ń pariwo, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ṣàárẹ̀. Òkété ló ń fún un lóúnjẹ o, torí pé èèyàn dáadáa ni. Iṣu tí Ìjàpá fi ẹ̀tàn gbà náà ló ń sè fún un. Nígbà tí wúrà tó họ pọ̀ tó, ó gbé igbá lọ fún Erin. Erin fi ṣóńṣó imú bù ú, bíńtín báyìí, ó ní ó tó. Ojú ṣì ń tì í.

Lọ́jọ́ tí Òkété ń lọ sílé, gbogbo wọn sìn ín dé orí òkè. Inú mi dùn sí i, mi ò lè parọ́. Ó dé ilé, ọmọ rẹ̀ kékeré sá pamọ́ sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ó ń yọjú wò ó. Ó jókòó sílẹ̀, ó dúró dè é títí ọmọ náà fi rìn wá fúnra rẹ̀.

Ìjàpá náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó fà délé. Yánníbo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹrù tó dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, baálé mi. Wúrà dà?”

Ìjàpá wo ẹrù. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Lójú rẹ̀, ilé náà ti fẹ̀ jù fún ẹnì kan. “Wo ẹ̀yìn mi dáadáa,” ló wí. “Ó yẹ kó ku díẹ̀.”

Yánníbo yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lóòótọ́, láàárín àwọn ìlà náà, àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan ń dán níbi tí àtè ti le jù. “Ó kù díẹ̀,” ni Yánníbo wí.

“O rí i? Mo mú wúrà bọ̀! Má lọ sílé bàbá rẹ mọ́.”

“Mi ò lọ mọ́.”

Yánníbo gbé ẹrù rẹ̀ wọlé. Ọkàn Ìjàpá balẹ̀. Ó gbọ́ tí aya rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó gbọ́ tó ń wá nǹkan láàárín àwo, ó ní lọ́kàn òun pé, ìyàwó gidi, oúnjẹ ló ń bù bọ̀. Ó na ọrùn, ó ń retí. Ìró ẹsẹ̀ ń bọ̀. Yánníbo yọ sí i, ìkarawun ìgbín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Baálé mi,” ló wí, “ẹ dúró jẹ́ẹ́.”

Fìrì! Orí wọlé, apá wọlé, ẹsẹ̀ wọlé.

“Ẹ yọrí.”

Kò yọrí.

Ìdí rèé tí ìlà fi kún ẹ̀yìn ahun káàkiri, tí ibì kan sì pọ́n rúsúrúsú láàárín wọn. Ìdí náà rèé tó fi jẹ́ pé, bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ ọmọdé, ìbáà ṣe ti ará ilé rẹ̀, á fa orí wọlé. Ó rò pé wọ́n tún ti wá họ òun.

Ibi tí mo ti gbé àlọ́ mi rèé, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ológbò wọlé jẹ ẹran ọbẹ̀ mi. Bí n kò bá parọ́, kí ológbò jókòó síta, kí ó máa gbọ́ òórùn.